Orin ni Bàbá Kòkúmọ́ Gbọ́ Lówùúrọ̀ Tí Òkun Ya

Kò sí àpótí eré kan láti Abereke títí dé Molutehin tí Rejoice Olówòkéré kò tíì tú wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, kí ó wọ ọkọ̀, kí ó máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, kí ó sì yí àpótí ilé wọn dojúdé. Àmì ìka Rejoice ni yóò bá nídìí rẹ̀. Àwọn tó mọ ìyá rẹ̀ sọ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n bí i sí, láàárín omi, tí òjò ń rọ̀, tí mànàmáná ń kọ yẹ̀rì, àti pé ọmọ náà ti na ọwọ́ sí mànàmáná kí ó tó sunkún. Ìdí nìyẹn tí iná kò fi lè fi nǹkan pamọ́ fún un.

Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kankan. Àwọ̀n ló ń tún ṣe fún àwọn apẹja tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tó lọ sí ọjà Ìgbọ́kọ̀dá tó rí ọkùnrin kan tó ń fi irin gbígbóná jó wáyà pọ̀ mọ́ ara wọn nínú rédíò. Ó dúró tì í, ó ń wò ó títí ọjà fi tú, ọkọ̀ tó gbé e wá sì fi í sílẹ̀ lọ. Nígbà tó padà délé, ó tú rédíò ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó tún un tò, rédíò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilé iṣẹ́ rédíò tí kò gbé rí. Ẹni tó lè rí ojú kan ṣoṣo tó já lára àwọ̀n tó gùn ju ọjà lọ, wáyà wo ni yóò ṣòro fún un?

Bí ó ṣe di ẹni tí gbogbo etíkun ń wá nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dúró lórí òpó lápá odò, níbi tí afárá pákó ti yà sọ́nà ilé ìjọsìn, láti àárọ̀ ni ọkọ̀ sì ti ń so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí ẹja bá ń kó jọ sábẹ́ ewéko.

Àpótí eré tí à ń wí yìí kò tóbi ju Bíbélì lọ. Àlòkù ni, Èkó ni wọ́n ti ń kó o wá. A ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, a ó ki káàdì tó kún fún fíìmù àti orin bọ inú rẹ̀, sólà orí òrùlé yóò sì máa fún un níná. Ní ìsàlẹ̀ Abereke, òun ni wọ́n ń wò, nítorí íńtánẹ́ẹ̀tì kò dé ibẹ̀ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè. Ẹni tó bá fẹ́ kí fóònù òun gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dáadáa, àfi kó gun orí táǹkì omi.

Ojú àpótí yìí nìkan ló burú. Bí wọ́n bá tan án, ohun tó ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n ni Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní bí ẹyin ẹja, ìlà lórí ìlà, ojú ewé nínú ojú ewé. Kí ìyá àgbà kan tó ṣe àwárí fíìmù tó fẹ́ wò, bátìrì sólà ti kí i pé ó dàárọ̀. Rìmóòtù náà kò gbẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti pa gbogbo bọ́tìnnì nọ́ńbà. Èyí tó ń lọ sókè, èyí tó ń lọ sísàlẹ̀, àti èyí tí wọ́n fi ń mú ohun tí wọ́n fẹ́ nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́.

Rejoice ní òun yóò fún àpótí náà ní ojú tuntun, ojú tí arúgbó àti ọmọdé yóò mọ̀ bí ẹní mọ ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́. Ó yọ gbogbo Gẹ̀ẹ́sì dànù, ó fi àwòrán ńláńlá dípò wọn, ó tò wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀ kí bọ́tìnnì tó kù lára rìmóòtù lè tó wọn. Àmọ́ ọpọlọ àpótí náà kò tó nǹkan. Àwòrán mẹ́fà ló lè gbé. Bí Rejoice bá fi ìkeje kún un, àpótí á dákẹ́, á máa wò ó bí ẹja tí wọ́n fi igi gbá lórí. Ó dín àwọ̀ kù, ó gé àwòrán kéré, ó bú àpótí náà, ó bẹ̀ ẹ́. Mẹ́fà náà ló dúró lé.

Ó wá ku èyí tí yóò wà lára mẹ́fà náà. Rejoice kò fẹ́ fi orí ara rẹ̀ nìkan ṣe é. Ó wọ ọkọ̀, ó ń lọ láti ilé dé ilé ní gbogbo ìsàlẹ̀ Abereke, ó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń wò jù. Ọ̀sán ló lọ, nítorí ọ̀sán ni odò máa ń rọrùn láti tukọ̀. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja dá a lóhùn pé fíìmù ni àti orin ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù àti eré àwọn ọmọdé. Àwọn arúgbó obìnrin ní ìwàásù. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò lọ sójú òkun ní kí ó má gbàgbé eré àwọn apanilẹ́rìn-ín o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn yóò fa òpó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tu. Kò sí ẹnì kan tó dárúkọ rédíò.

Rédíò wà lára àpótí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Rejoice fúnra rẹ̀ ló so wáyà tó ń gbé e mọ́ ọn, kí ó lè máa fi yangàn. Nígbà tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó gbà pé kò sí ẹni tó ń lò ó, ó sì yọ ọ́ kúrò.

Ilé kan kù tí kò wọ̀, ilé Bàbá Kòkúmọ́. Bàbá wà létí òkun níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n. Fẹ̀hìntọlá, tí ilé ẹja yíyan rẹ̀ fara kan ilé bàbá náà, bi Rejoice bóyá yóò padà wá bi bàbá léèrè lálẹ́. Rejoice rẹ́rìn-ín. "Ìyá Beauty, ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí àṣálẹ́, kí ni yóò wò?" Fẹ̀hìntọlá náà rẹ́rìn-ín, ó bu ẹja gbígbóná lé e lọ́wọ́, Rejoice sì tukọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ irú ẹni tí Bàbá Kòkúmọ́ jẹ́. Ìgbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí ọkùnrin tó mọ òkun bíi tirẹ̀ láti Araromi dé ẹnu odò Benin; ẹja ńlá kan tó fà lọ́dún kan, ó kù díẹ̀ kó fa òun náà dé Kamẹrúùnù. Nígbà tí ojú lọ, iṣẹ́ kan kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò jáde sí orí afárá, yóò ké sí àwọn apẹja bóyá omi dára tàbí kò dára. Bó bá ní ẹ lọ, wọ́n á lọ. Bó bá ní ẹ fa ọkọ̀ sókè, wọ́n á fà á, àwọn obìnrin á sì kó ẹja kúrò nínú ilé ẹja yíyan. Gbogbo ìsàlẹ̀ Abereke gbà pé òórùn afẹ́fẹ́ ni bàbá fi ń mọ̀ ọ́n.

Imú rẹ̀ ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ rédíò ló ń kín in lẹ́yìn. Báyọ̀, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ló ra àpótí náà fún un. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, bàbá á tan án, á tẹ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún tẹ̀ ẹ́, á mú un, rédíò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òkun yóò ti rí lọ́jọ́ náà. Ìka rẹ̀ mọ ọ̀nà náà bó ṣe mọ ọ̀nà ẹnu. Kò sí ẹni tó bi í bó ṣe ń mọ̀, òun náà kò sì sọ.

Nígbà tí Rejoice parí ojú tuntun, ó ń kiri láti ilé dé ilé, ó ń fi í sínú àpótí wọn. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Ó wọ ilé Bàbá Kòkúmọ́ nígbà tí bàbá wà létí òkun, ó fi ojú tuntun sí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú, kí ilé kankan má bàa yàtọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ipò kẹta láti òkè, níbi tí rédíò wà tẹ́lẹ̀, orin ẹgbẹ́ akọrin ló fi síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ bó ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Orin ló gbọ́. Ó ní àwọn ará rédíò ti ń fi orin ìyìn bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, ó dára. Ó jókòó, ó ń dúró kí wọ́n kọrin tán kí wọ́n sọ ti òkun. Orin tán, orin mìíràn tẹ̀ lé e. Bàbá ní bí nǹkan kan bá wà, wọn ì bá ti sọ ọ́. Ó jáde, ó ní kí àwọn apẹja máa lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, àti lẹ́yìn ìyẹn, omi sì dára ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Lówùúrọ̀ tí òkun ya, bàbá jókòó síwájú àpótí, orin ń lọ. Imú rẹ̀ ń sọ nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n rédíò kò sọ nǹkan kan, ó sì gbà pé rédíò gbọ́n ju imú lọ. Ó jáde, ó ní omi dára. Àwọn ọkùnrin lọ, wọ́n tètè padà, wọ́n sì so ọkọ̀ wọn sísàlẹ̀. Àwọn obìnrin kó iná sábẹ́ ẹja. Kí oòrùn tó dé àtàrí, òkun gbéra nílẹ̀. Àwọn tó rí i ní ó ga ju igi àgbọn lọ, àti pé kò dún bí omi, bí ẹní fa ilé wó ló dún. Ó kó ọkọ̀, ó kó àwọ̀n. Ó gbé ilé ẹja yíyan Fẹ̀hìntọlá tòun ti edé àti ẹja inú rẹ̀, òpó kan tó léfòó sì la ẹsẹ̀ obìnrin náà. Kò sí ẹni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń jẹun bá omi lọ.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni àwọn ará Araromi wá kí wọn. Ẹnu yà wọ́n pé wọn kò fa ọkọ̀ sókè. Wọ́n ní rédíò kìlọ̀ láàárọ̀ yẹn, ó tún kìlọ̀, tòun ti ẹkún ni ó kù kó fi kìlọ̀. Gbogbo ojú yí sí Bàbá Kòkúmọ́.

Bàbá ní òun gbọ́ rédíò láàárọ̀ yẹn. "Orin ni wọ́n kọ. Orin nìkan."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní ṣé òkun fẹ́ ya, rédíò wá ń kọrin fún bàbá létí nìkan. Òmíràn ní oorun ni bàbá sùn, ẹni tó bá sùn kó sọ pé òun sùn. Fẹ̀hìntọlá, tí wọ́n fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀, ń wo ilẹ̀. Bàbá tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó tiẹ̀ kọ díẹ̀ lára orin náà fún wọn, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn bí ẹni tó ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ń yí.

Rejoice wà láàárín wọn. Bí bàbá ti kọ ìlà àkọ́kọ́ orin yẹn ni ó ti dá a mọ̀. Òun ló fi orin náà sínú àpótí. Ó mọ ipò tó fi í sí. Ó rọra fi ẹ̀yìn rìn kúrò láàárín èrò.

Ó wò ó títí, ó ní òun yóò lọ wò ó bóyá kì í ṣe bí òun ti rò ó ló rí. Ó dé ilé bàbá, ó parọ́ pé òun fẹ́ wo bátìrì. Ó tan àpótí, ó tẹ ìsàlẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó mú un. Ẹgbẹ́ akọrin bú sórin.

Bàbá tó jókòó nídìí ògiri gbé orí sókè kíákíá. "Rejoice, ọmọ mi. Ìwọ náà ń gbọ́ orin yẹn, àbí inú orí mi ló ti ń wá?"

"Mo ń gbọ́ ọ, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó ní Báyọ̀ ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, wọ́n ti ránṣẹ́ sí i pé ọpọlọ bàbá rẹ̀ ti ń rìn, ó sì fẹ́ wá kó òun kúrò létí omi. "Bá mi sọ fún un pé o gbọ́ orin náà. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Rejoice ní òun yóò sọ fún un. Ó sì fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó ń tukọ̀ padà, ó ń ro bí yóò ti sọ ọ́. Bó bá ní òun gbọ́ orin, wọn yóò bi í pé ta ló fi orin síbẹ̀. Àwọn ará Molutehin ti ránṣẹ́ pé kí ó wá fún àpótí àwọn náà lójú tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ti fọ́nnu nínú ọjà Ìgbọ́kọ̀dá pé àwọn tó ṣe àpótí náà lókè òkun kò ríran tó òun. Ojú wo ni yóò fi wo Fẹ̀hìntọlá?

Ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn, ó sì rò pé ọgbọ́n gidi ni. Ó padà lọ gbé àpótí bàbá, ó ní òun fẹ́ nu iyọ̀ ara rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó yọ orin kúrò, ó dá rédíò padà sí ipò kẹta, ó gbé e padà fún bàbá kí ó tó di pé ilẹ̀ ṣú. Ó ní láti ọ̀la lọ bàbá yóò máa gbọ́ rédíò rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò rọlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Ohun tó ba ti bàbá jẹ́ gan-an nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó tẹ bọ́tìnnì, rédíò ló sọ̀rọ̀, kò sí orin. Ó pa á, ó tún tan án, rédíò náà ni. Báyọ̀ dé lọ́sàn-án, ó ní kí bàbá fi orin tó ń gbọ́ han òun. Bàbá tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń ka ìròyìn ló dáhùn. Báyọ̀ rọra gba rìmóòtù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì dì í lọ́wọ́ mú. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní orí òun ló ń kọrin fún òun, kí ọmọ òun kó òun lọ kí òun má tún pa ẹlòmíràn lára.

Fẹ̀hìntọlá ló ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Rejoice nígbà tí ìyẹn lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bàbá ti bẹ òun. "Ó kúnlẹ̀ fún mi, Rejoice, bàbá tó tó bí mi. Mi ò dáhùn. Ìbínú ilé ẹja mi ò tíì tán." Rejoice ń tún aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà dì. Ó ta kókó rẹ̀ le ju bó ti yẹ lọ, Fẹ̀hìntọlá sì ní kó rọra.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n sè pupuru nílé bàbá láti fi dágbére fún un. Rejoice lọ, nítorí bí kò bá lọ, wọn yóò bi í. Ó jókòó, ó bá wọn bu òkèlè. Bàbá ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ṣé omi dùn ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Bàbá ní kì í ṣe omi mímu ni òun ń bèèrè.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n mú bàbá wá sí èbúté, wọ́n gbé àpò rẹ̀ sínú ọkọ̀ onínjìn. Gbogbo ìsàlẹ̀ Abereke dúró lórí afárá, àwọn tó bú u àti àwọn tí kò bú u. Awakọ̀ ti fa okùn ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Bó ti tún fẹ́ fà á ni Rejoice já sí iwájú, tó di orí ọkọ̀ mú.

"Bàbá kò sùn, orí rẹ̀ kò sì dàrú. Èmi ni mo yọ rédíò kúrò, tí mo fi orin sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dé, mo tún lọ dá a padà ní kọ̀rọ̀ kí ẹ má bàa mọ̀."

Omi nìkan ló ń gbá òpó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀: àwòrán mẹ́fà, ìbéèrè tó ń bi kiri lọ́sàn-án nígbà tí bàbá tó ń gbọ́ rédíò wà létí òkun, bátìrì tó parọ́ mọ́, àpótí tó gbé lọ. Nígbà tó dé ibi tí ó jókòó jẹ pupuru, Báyọ̀ sorí kodò, ó ní, "O bá wa bọ ọwọ́ sínú àwo, o sì ń wo bàbá mi bí wọ́n ti ń dágbére fún un."

Rejoice ṣì di orí ọkọ̀ mú.

Fẹ̀hìntọlá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì gba orí afárá lọ, pákó ń dún lábẹ́ rẹ̀ títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Bàbá Kòkúmọ́ ló fọhùn gbẹ̀yìn. Ó ní, "Gbogbo ilé lo bi. Kí ló dé tí o kò bi mí?"

Rejoice ì bá parọ́. Irọ́ wà ní ẹnu rẹ̀, ó ti ṣe é lóge. Ó gbé e mì. "Mo rò pé ojú yín ti lọ, Bàbá. Mo ní kí ni ẹ fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ṣe."

"Ojú mi ló lọ. Ta ló sọ fún ọ pé etí mi bá a lọ?"

Ó na ọwọ́ sí Báyọ̀ kí ó fà á jáde nínú ọkọ̀. Báyọ̀ wo bàbá rẹ̀, ó wo omi, ó sì fà á jáde. Àwọn tó bú bàbá sún mọ́ ọn, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ lórí afárá tóóró náà bí ẹja tí wọ́n sá sórí pákó, bàbá sì ń fi ọ̀pá gún wọn lẹ́yìn pé kí wọ́n dìde, wọ́n dí òun lọ́nà ilé.

Kò dárí ji Rejoice lọ́jọ́ náà, kò sì lé e. Ó ránṣẹ́ pè é lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ṣí fìlà orí ara rẹ̀, ó fi bo ojú Rejoice, ó fún un ní rìmóòtù, ó ní kí ó wá rédíò. Rejoice tẹ̀, ó tẹ̀. Nítorí kò rí àwòrán tí ó wà, ó bọ́ sórí bọ́ọ̀lù, ó bọ́ sórí ìwàásù. Ó sọnù nínú ojú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Òógùn bò ó. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àpótí máa sọ̀rọ̀: ibi tí ọwọ́ bá dé, kí ó dárúkọ ibẹ̀, kí ẹni tí kò ríran àti ẹni tí kò mọ̀wé mọ ibi tí òun wà.

Ohùn máa ń jẹ àyè ju àwòrán lọ. Rejoice padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó bó gbogbo àwọ̀ kúrò lára àwòrán, ó sọ wọ́n di dúdú àti funfun, àpótí kò gbà. Ó yọ eré àwọn apanilẹ́rìn-ín kúrò, ó fi rédíò dípò rẹ̀, ó gbé e lọ sókè pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ bú u débi pé àwọn ẹja abẹ́ ṣọ́ọ̀bù sá lọ. Ó gé ohùn náà kúrú títí ó fi di ọ̀rọ̀ ẹyọ kan fún ipò kan. Àpótí gbà. Ó fi ohùn ara rẹ̀ dán an wò, ó gbé e tọ bàbá lọ.

Bàbá tẹ́tí, ó sì mi orí. Ó ní iṣẹ́ náà dára, ohùn ni kò dára. Òun kò fẹ́ kí ẹni tó ṣi òun lọ́nà máa júwe ọ̀nà fún òun láràárọ̀. Ohùn Fẹ̀hìntọlá ni òun fẹ́. Ohùn yẹn ni gbogbo ìsàlẹ̀ mọ̀, bó bá pe Beauty ọmọ rẹ̀ fún oúnjẹ, àwọn ọmọ Araromi náà á dáhùn.

Láti ọjọ́ èbúté ni Fẹ̀hìntọlá kò ti bá Rejoice sọ̀rọ̀. Rejoice ti ń ru amọ̀ àti igi lọ síbi ilé ẹja tuntun rẹ̀ láràárọ̀. Fẹ̀hìntọlá ń gbà á kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí yóò kó o sí, ẹnu rẹ̀ kò là. Ìkíni ni Rejoice máa ń kí, afẹ́fẹ́ ni ó máa ń jẹ́ ẹ.

Ó lọ bá a níbẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló tíì dúró. Fẹ̀hìntọlá ń so ọparun mọ́ òpó. Rejoice dúró lórí ilẹ̀ tí wọn kò tíì tẹ́ pákó sí tán, ó sọ iṣẹ́ tí bàbá rán an, ó ní bí kò bá wù ú, òun yóò sọ fún bàbá pé kò wù ú, òun kò ní bínú, òun kò tiẹ̀ ní ẹ̀tọ́ àtibínú. Fẹ̀hìntọlá so ọparun kan tán. Ó so òmíràn. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ láìwo ẹ̀yìn, Rejoice sì fi fóònù tí yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Fẹ̀hìntọlá gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu, ó ń dárúkọ wọn bí Rejoice ti ń kà á fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Fíìmù. Orin. Ìwàásù. Bọ́ọ̀lù. Ọmọdé." Ó fi ọwọ́ kejì di ọparun mú. "Rédíò." Ó dá fóònù padà, ó mú okùn rẹ̀.

Rejoice gbé e sétí láti gbọ́ ọ. Márùn-ún àkọ́kọ́ já gaara. Nígbà tó dé ìkẹfà, afẹ́fẹ́ òkun ti bò ó mọ́lẹ̀, hàà nìkan ló ń gbọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀yìn obìnrin náà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí àpá ti ń jinná sí. Lílọ rọrùn fún un. Ó lè lọ fi ohùn ara rẹ̀ di èyí tó kù, kí ó ní afẹ́fẹ́ ló jẹ́ kó yàtọ̀. Irú rẹ̀ ló ti ṣe tẹ́lẹ̀.

"Ìyá Beauty, ẹ dákun. Afẹ́fẹ́ gba ti rédíò lọ. Ẹ bá mi tún un sọ."

Fẹ̀hìntọlá yíjú padà, ó sì wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti èbúté. Ó fi okùn sílẹ̀. Ó gba fóònù náà, ó kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ó fi ọwọ́ kejì bo ẹnu bí ẹni tó ń dáàbò bo iná, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà rara, débi pé Bàbá Kòkúmọ́ dá a lóhùn láti inú ilé tirẹ̀.